Orin Òde Daagbé Kọ́ Ni Orin Ìdánwò Rẹ

Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, Ifangni,
Ọjọ́rú, òjò ń rọ̀, oníbàárà kò sí.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwa náà wà níbí. Mo ti kí ọ tán nìyẹn. Wàá rí i pé ìkíni mi kúrú lónìí. Bí mo bá kí ọ jù báyìí lọ, inú mi lè rọ̀, n kò sì fẹ́ kó rọ̀ kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Inú ń bí mi. Láti àná ló ti ń bí mi, láti ìgbà tí o ti pè mí pé kí n bá ọ wá aṣọ aláwọ̀ ewé rẹ nínú àpótí, kí n fún oní-sẹ́mìjàn kó fi alùpùpù rẹ̀ gbé e lọ sí Daagbé, torí pé o fẹ́ lọ dá orin fún àwọn ìyàwó ilé níbi ìnáwó ìkẹyìn bàbá àgbà ọkọ rẹ.

Dá orin kẹ̀? Lọ́sẹ̀ ìdánwò?

Mo ní kí o tún un sọ, o sì tún un sọ láìtijú. O ní láti ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ méjì ni, títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. O ní láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, bí àwọn ìyàwó ilé bá ti ń kọrin ìdúpẹ́ láti ojúlé dé ojúlé, wàá rọra yọ́ kúrò láàárín wọn, wàá gun sẹ́mìjàn, wàá sì dé Àjàṣẹ́ kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ ní gbọ̀ngàn ìdánwò. O ń sọ ọ́ bí ẹni tó rí ọgbọ́n ńlá kan dá. Mo gbé fóònù kúrò létí, mo wò ó, mo tún gbé e padà. Nígbà tí màá fi rí ohun tí màá sọ, o ti ní, "Màmá, rézò ò dáa," o sì ti pa á. Ó dáa. Lẹ́tà kò nílò rézò, kì í já bí ìpè fóònù. Jókòó kí o kà á tán.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán ọ létí ibi tí o ti ń bọ̀, torí ó jọ pé afẹ́fẹ́ Àjàṣẹ́ ti gbé e lọ. Ọdún tí bàbá rẹ kú ni o fi ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀, nígbà tó ku ọdún kan kí o ṣe bák, ìdánwò àṣekágbá wọn. O wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, ò ń bá mi dá ihò bọ́tìnnì sára aṣọ kakí àwọn ọmọ iléèwé. Aṣọ iléèwé àwọn ọmọ ẹlòmíràn! O máa ń kọrin sí i bí o ṣe ń gún abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Àwọn tó ń kọjá lọ sí Igolo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ìyá, ta ló ń kọrin yìí?" Èmi á ní ọmọ mi ni. Inú mi á dùn, inú mi á sì tún bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọdún gorí ọdún, o fẹ́ Kóládé. N kò lè purọ́ mọ́ ọmọkùnrin yẹn, mẹ́káníìkì ni, kò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ kó lọ sí Àjàṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló wá ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ti ń múra àwọn àgbà sílẹ̀ fún bák. Ìwọ lo wá yan ẹ̀kọ́ orin kún ẹ̀kọ́ rẹ. Mo rántí bí o ṣe pè mí lọ́jọ́ yẹn. O ń pariwo pé, "Màmá, wọ́n ń fi orin ṣe ìdánwò!" Mo ní ṣé wọ́n ń torí pé èèyàn mọ orin kọ fún un ní bák ni? O rẹ́rìn-ín, o wá ṣàlàyé. O ní ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní sọ́lífẹ́ẹ̀jì, kí èèyàn máa ka orin dò-rè-mí lórí ìwé bí ẹni ń ka lẹ́tà. O ní ọ̀kan wà tí olùkọ́ á tẹ dùùrù, ẹ̀yin á sì kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀. Ìtàn orin wà níbẹ̀ náà. Èyí tó le jù, o ní kí èèyàn dá dúró níwájú àwọn olùdánwò, kí wọ́n gbé bébà kan fún un tí kò rí rí, kó sì kọ ohun tó wà níbẹ̀. O ní bí o bá yege, wàá lè lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ orin. O tún ọ̀rọ̀ "olùkọ́" yẹn sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn, Àṣàkẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ aláwọ̀ ewé.

Láti ìgbà tí Daagbé ti gbọ́ pé ìyàwó wọn ń kọ́ orin, ǹjẹ́ wọ́n ti jẹ́ kí o sinmi? Wọ́n sọmọ lórúkọ, wọ́n pè ọ́. Wọ́n ṣílé, wọ́n pè ọ́. Ẹnì kan ra ọkọ̀ àlòkù, wọ́n ní kí o wá kọrin ọpẹ́ sí táyà. "Ẹ pe Àṣàkẹ́, ṣebí orin ló ń kọ́." Àwọn kan náà yìí ló sì ń bi Kóládé pé kí ló dé tí ìyàwó rẹ̀ ń fi àsìkò ṣòfò, ṣé orin náà lèèyàn ń lọ jókòó kọ́ ní kíláàsì? Bí wọ́n bá fẹ́ akọrin, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Bí o bá fẹ́ jókòó ti ìwé rẹ, ọ̀lẹ ni ọ́. Ẹ gbà mí o! Mo ti ń wá ibi tí ọgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wà, n kò rí i.

Ọ̀gá wọn nínú ìpè pípè ni Tàǹtí Ìyábọ̀, àbúrò bàbá Kóládé. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kan, etí mi báyìí ló gbọ́ ọ. Ẹnì kan bi í pé ṣé ìyàwó yìí kò ní ìwé kà ni? Ó fi Faransé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Mè, ìwé náà kọ́ ló ń kà yìí? Ibi tó ti ń kọrin fún wa náà ló ti ń kàwé. Ó ń fi wá dánra wò ni." Gbogbo wọn sì mi orí, bí ẹni pé àlàyé gidi ni. Mo gbé ìrẹsì mi mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu, kí n má bàa sọ̀rọ̀ nílé àna.

Èyí wá ni ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́, kí o fi sọ́kàn bí o ṣe ń fi dò-rè-mí sọ́kàn: orin òde kì í ṣe ìwé kíkà. Tàǹtí ti parọ́ yìí fún ara rẹ̀ débi pé ó ti gbà á gbọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ìwọ náà ti ń gbà á gbọ́. Èmi kò mọ orin, ṣùgbọ́n mo ní ojú. Lóde, bí orin bá ga jù fún ọ, o máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí o bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, o máa ń ki orúkọ olóde bọ̀ ọ́, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́. Bí èémí rẹ bá tán, ègbè á gbà á lẹ́nu rẹ, ìwọ á máa jó. Ṣé elégbè ń tẹ̀ lé èèyàn wọ gbọ̀ngàn ìdánwò? Ṣé wàá ki orúkọ bàbá olùdánwò bọ inú bébà náà? Ohun tí wọ́n bá kọ ni wàá kọ, ibi tí wọ́n bá ní kí o dákẹ́, wàá dákẹ́. Oṣù yìí gbogbo lo fi ń kọ́ ẹnu rẹ bí a ṣe ń yẹra fún ohun tó le. O sì ń pè é ní ìmúrasílẹ̀.

Àbí o ti gbàgbé ìdánwò àfidánrawò tí ẹ ṣe? Láti òde ìsọmọlórúkọ yẹn lo ti gba ibẹ̀ lọ. O ní o la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. O ní olùkọ́ yín wò ọ́, ó ní, "Madáàmù, ẹni tó ni ohùn yìí kò wá lónìí. Bó bá dé, ẹ ní kó wá ṣe ìdánwò rẹ̀." O ń sọ ọ́ fún mi, o ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo gé òwú tó wà lẹ́nu mi, mo sì jókòó síbẹ̀ títí ó fi rẹ̀ mí.

Èkejì. Mo fẹ́ sọ ìtàn kan fún ọ tí n kò sọ fún ọ rí, torí inú ṣì ń bí mi sí i títí dòní, ó sì ti pẹ́.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ ìránṣọ, a ní láti ṣe ìdánwò níwájú àwọn ọ̀gá télọ̀ kí wọ́n tó ṣe ayẹyẹ ìgbòmìnira fún wa, èyí tí à ń pè ní líbérásíọ̀n. Wọ́n á fún ọ láṣọ láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ o ti gbọ́dọ̀ gé ẹ̀wù ọkùnrin, kí o rán an, kí o sì lọ̀ ọ́. Lọ́sẹ̀ tí màá ṣe é, wọ́n ń ṣe ìnáwó kan nínú ìdílé wa. Gbogbo ilé kó aṣọ dé. "Ṣebí ìránṣọ ló ń kọ́." Àwọn àǹtí mi, àwọn ìyàwó àbúrò bàbá mi, títí kan aládùúgbò tí kò bá wa tan. Bí mo bá ní mo ní ìdánwò, wọ́n á ní, "Rán tèmi, fi dánra wò." Ṣé o rí i? Ọ̀rọ̀ kan náà. Bí ẹni pé ilé kan náà ni wọ́n ti lọ kọ́ ọ.

Ọmọ tó gbọ́ràn ni mí. Mo rán gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdánwò, ojú mi ń ṣe bàìbàì, ìka mi wú. Mo gé ẹ̀wù náà, mo rán an, mo lọ̀ ọ́, mo gbé e kọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wá gbé apá ẹ̀wù náà sókè, ó tún gbé ìkejì. Apá òsì méjì ni mo gé! Apá méjèèjì kọjú síbì kan náà. Wọ́n fi ẹ̀wù náà ṣe ẹ̀rín títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo lo odidi ọdún kan sí i nílé ọ̀gá mi, mò ń gbálẹ̀ fún àwọn tí mo ṣáájú débẹ̀. Àwọn tí mo rán aṣọ fún ńkọ́? Wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sóde, wọ́n jó, ó yẹ wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n ní, "Ọmọ yìí ò fara balẹ̀." Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní, "Àwa la kó iṣẹ́ bò ó." Ẹyọ kan!

Nítorí náà, bí o bá fìdí rẹmi lọ́jọ́ Ajé yẹn, má rò pé Daagbé á bá ọ sunkún. Wọ́n á ní o ò mọ̀wé ni. Tàǹtí Ìyábọ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta, kíkọ̀. N kò ní kí o ya aláìmọ̀wàáhù sí àwọn àna rẹ. Ìyàwó lo jẹ́ níbẹ̀, gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sílé yẹn kí o tó débẹ̀, ọkọ rẹ ni wọ́n, mo mọ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́, kúnlẹ̀. Kí wọn dáadáa, pe olúkúlùkù ní orúkọ tí o fún un. Kí o wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní lè wá, mo ní ìdánwò." Kí o sì dákẹ́. Má ṣàlàyé. Ìgbà tí o bá ń ṣàlàyé ni wọ́n máa ń mú ọ. O ti rò pé ẹni tó bá kúnlẹ̀ kò lè kọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí eékún rẹ bá ti kan ilẹ̀ báyìí, "ẹ ṣé" ló ń jáde lẹ́nu rẹ.

O sọ ọ̀kan fún mi lórí fóònù tí mo ṣì ń rò títí di ìsinsìnyí. O ní àṣà ilé wọn ni pé ìyàwó tí kò bá lè wá síbi ìnáwó, bóyá ó bímọ ni o, bóyá ara rẹ̀ kò yá, kó rán ẹnì kan láti ilé bàbá rẹ̀, kí ẹni náà ró aṣọ rẹ̀, kó sì dúró sí ipò rẹ̀ láàárín àwọn ìyàwó ilé títí ètò á fi parí. O ní o ò bá ti rán àbúrò rẹ obìnrin, ṣùgbọ́n o ò ní àbúrò. Tàǹtí sì ti sọ pé bí o kò bá ní ẹni rán, kí o gbé ara rẹ wá. Ó ní ìdánwò kì í ṣe àìsàn. Mo ń rò ó lọ, ọmọ mi. Màá padà sí i.

Ìwé rẹ wá ńkọ́? Ṣé o rò pé n kò mọ ohun tí o ń ṣe? Èyí tí o mọ̀ lo máa ń tẹnu mọ́. Bí o ṣe ń ṣe nígbà tí o wà ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Aṣọ tó rọ̀, wàá dá ihò rẹ̀ kí n tó ṣẹ́jú, wàá sì fi kakí tó le sí ìsàlẹ̀ òkìtì. O ní o ti kọ orin tí o fẹ́ràn nínú ìwé yín títí ọkọ rẹ fi mọ̀ ọ́n. Èyí tí olùkọ́ ń tẹ̀ tí ẹ̀yin ń kọ sílẹ̀ ńkọ́? O kò dárúkọ rẹ̀ rí. Èyí tó ń lù ọ́ nìyẹn, òun náà ni kí o jókòó tì. Ní kí Kóládé máa tẹ ohùn fún ọ lórí fóònù rẹ̀ lálaalẹ́, díẹ̀díẹ̀, kí o máa kọ ọ́. Ọkùnrin tó ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì láti òpópónà, tó sì mọ ohun tó ń ṣe é, kò ní sú u. Bí o bá ṣì í, má bínú sí i. Tún un kọ.

Ìkòkò lè dúró kí o tó fọ̀ ọ́. Àlejò lè jókòó. Má máa ti ìwé bọ abẹ́ ìrọ̀rí bí àwọn ará Daagbé bá wọlé, bí ẹni pé o jí i gbé. Ṣí i sílẹ̀ níwájú wọn, kí wọ́n rí àwọn àmì dúdú wẹ́wẹ́ yẹn, kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Ní ti ohùn, omi gbígbóná àti oorun. Kò tún sí òmíràn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni po ohunkóhun fún ọ mu. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, òun ló fún ọ ní ohùn yẹn, ó gbà pé ẹyin tútù ló ń tún un ṣe. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní kó dá kọrin ní ìjọ, ó fa ẹyin mu lẹ́yìn ilé. Ẹyin náà ti bàjẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi yẹn, ìta ni bàbá rẹ ti ń bì, ilẹ̀ ló kọrin fún. Láti ìgbà náà, ó máa ń sá bó bá rí adìyẹ. Mò ń rẹ́rìn-ín nísinsìnyí, kò sì yẹ kí n máa rẹ́rìn-ín. Òjò ti dá. Mo ń lọ pa iná ìlọṣọ mi, màá parí lẹ́tà yìí bí inú mi bá tún bí dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì.

Mo ti dé láti Daagbé.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo lọ. Oní-sẹ́mìjàn tí o ní kí n fún láṣọ, èmi gan-an ló gbé. Mo bá wọn lábẹ́ àtíbàbà nínú àgbàlá, Tàǹtí Ìyábọ̀ àti àwọn ìyàwó ilé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà tí wọ́n máa lò. Bàbá Baálé, ẹ̀gbọ́n olóògbé tó jẹ́ olórí ilé wọn, jókòó sórí àga rẹ̀ nítòsí, ó ń gba atẹ́gùn. Bí Tàǹtí ṣe rí àpò lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ là.

"Àna wa, ẹ kú àbọ̀ o! Aṣọ Àṣàkẹ́ lẹ gbé wá, àbí?"

Mo ní, "Aṣọ rẹ̀ ni, Tàǹtí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò wọ̀ ọ́."

"Kí lẹ wí?"

"Àṣàkẹ́ ní ìdánwò. Kò ní wá. Mo sì gbọ́ pé àṣà yín gbà kó rán ẹnì kan láti ilé bàbá rẹ̀."

Ó tún fi Faransé bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Wálà, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Mè ta ló fẹ́ rán? Kò kúkú ní àbúrò."

Mo ní, "Èmi."

Ọmọ mi, ẹ̀wà dúró lọ́wọ́ gbogbo wọn. Tàǹtí wo èmi, ó wo àwọn ìyàwó, ó wá fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹni tí ibà ń ṣe sọ̀rọ̀. "Ìyá Àṣàkẹ́, ẹ̀yin àna wa àtàtà. Ẹ̀yin lẹ máa jókòó lórí àga, kí a máa gbé oúnjẹ wá fún yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa dúró láàárín àwọn ìyàwó máa jó. A ò rí irú ẹ̀ rí."

Mo ní, "Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kà á léèwọ̀ fún mi. Ilé bàbá rẹ̀ ni mo wà. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé mi wá nígbà tí mo ṣègbéyàwó, n kò sì tíì kúrò níbẹ̀."

Gbogbo wọn bá wo Bàbá Baálé. Bàbá fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní, "Ẹni láti ilé bàbá rẹ̀ ni àṣà wí. A ò wí pé kó jẹ́ ọmọdé."

Tàǹtí kò tíì gbà. Ó ní ó dáa, wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ipò ẹni tó ń dá orin ni, kí n dá díẹ̀ kí wọ́n gbọ́. Ìwọ náà mọ ohùn mi. O mọ̀ pé ní ìjọ wa, ọ̀gá akọrin ló fúnra rẹ̀ wá bá mi nílé, pé kí n jọ̀ọ́ kí n máa kàn ṣí ẹnu. Mo dìde. Mo gbé àpò sílẹ̀. Mo dá orin ìdúpẹ́ wọn, gbogbo agbára mi ni mo sì fi dá a. Ọmọ ọwọ́ kan tó ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ta jí, ó fi igbe ta. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó fi ìró bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Bàbá Baálé rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, wọ́n ní láti bu omi fún un.

Tàǹtí ní, "Ẹ jọ̀ọ́. Àna wa, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kàn máa pàtẹ́wọ́."

Mo ní, "Rárá o. Ipò Àṣàkẹ́ ni mo dúró sí. Àṣàkẹ́ kì í pàtẹ́wọ́. Àṣàkẹ́ ló ń dá orin."

Bàbá nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ìyábọ̀, fi í sílẹ̀. Àṣà ò sọ pé ẹni tí wọ́n rán gbọ́dọ̀ mọ orin kọ."

Tàǹtí mú ẹ̀wà kan, ó wò ó, ó sọ ọ́ nù. Ó wá bi mí pé, "Ìdánwò yẹn, ọjọ́ wo gan-an ni?"

Àṣàkẹ́, láti ìgbà tí wọ́n ti ń pè ọ́ sóde, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú wọn á béèrè. Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀ burúkú. Mo wá rí i pé kò mọ̀ ọ́n ní tòótọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ìwọ ń kúnlẹ̀, ò ń ní "ẹ ṣé". Mo ní ọjọ́ Ajé ni, láàárọ̀. Ó ní, "Ọjọ́ ìdúpẹ́ gan-an?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa, kó dúró sí Àjàṣẹ́." Lẹ́yìn náà ló fi kún un pé, "Ẹ̀yin náà lè dúró sílé, àna wa, a máa rí ẹlòmíràn dá orin." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní mo ti gbà á, n kò lè dá a padà. Mo mọ̀ ọ́, Àṣàkẹ́. Bí ipò rẹ bá ṣófo, kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta ẹnì kan á ti pè ọ́ pé kí o kàn yọjú.

Kí o má sì rò pé o lè yí mi lérò padà. Bí mo ṣe dé, mo tú aṣọ aláwọ̀ ewé rẹ. Mo fi aṣọ kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, mo fẹ àyà rẹ̀, mo gé apá tuntun sí i. Apá òsì kan, apá ọ̀tún kan. Mo wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rán wọn. Kò lè bá ọ mu mọ́ láyé. Bí o bá wá sí Daagbé, ìhòòhò ni wàá fi jó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n á pe orúkọ rẹ. Wàá rìn lọ síwájú, wọ́n á gbé bébà náà fún ọ. Má wá elégbè kiri. Kí o rántí pé ní àkókò yẹn gan-an, ìyá rẹ wà lójú ọ̀nà Daagbé nínú aṣọ rẹ, ó síwájú àwọn ìyàwó ilé, ó ń fi ohùn burúkú ba orin jẹ́ láti ojúlé dé ojúlé, ojú kò sì tì í rárá.

Fa èémí sínú. Wo ìwé. Kọ tìrẹ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tó wà ní ipò rẹ.